Ẹjọ́ Kòkànwọ́n: bí a ṣe yanjú aáwọ̀ ajá kan ní Ìkòròdú

Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé láti àdúgbò mìíràn kò yé bi mí bí a ṣe parí ọ̀rọ̀ ajá ilé Ẹnjiníà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kọ́ọ̀tù. Sísọ ọ́ lẹ́nu ti sú mi, ni mo bá jókòó kọ ọ́. Ilé méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn ti fún mi láyè, bí n kò bá ti dárúkọ wọn. Orúkọ ajá nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ yẹn kò lè mọ ìdí tí ẹjọ́ náà fi le tó bẹ́ẹ̀.

Àdúgbò wa kò tóbi. Ilé bí ogójì ni, géètì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, ọlọ́dẹ méjì tí ẹgbẹ́ ń sanwó fún, àti tiransifọ́mà kan tó ń sinmi ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ilé Ẹnjiníà àti ilé Màmá Nọ́ọ̀sì jọ ní ògiri kan láàárín. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n sì gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní òpópónà yìí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Baba, ọkọ wọn, ní ọdún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n máa sùn dáadáa. Ẹnjiníà kò tíì pé àádọ́ta. Apápá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni bá mọ ọ̀nà Ìkòròdú sí Apápá yóò mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jáde nígbà tí àkùkọ kò tíì kọ, ó sì ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sùn. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ń ta aṣọ nínú ọjà, òun náà kì í tètè dé.

Abo ni ajá wọn. Baba rẹ̀ jẹ́ Alsatian, ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ìbílẹ̀. Etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Ẹnjiníà rà á lẹ́yìn tí àwọn olè fo ògiri ilé kan ní ọ̀kánkán wọn.

Bí ẹ̀sùn ṣe dé iwájú wa

Màmá Nọ́ọ̀sì kò kọ́kọ́ wá bá ẹgbẹ́. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń lu ògiri lóru. Nígbà tó yá wọ́n rán ọmọ ọmọ wọn sí Ìyá Ìbejì. Kò so èso rere, ni wọ́n bá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n padà lọ bá àwọn onílé àdúgbò wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìpàdé wa, inú wọn ti ru. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ìpàdé lọ́jọ́ náà nìyí:

“Ajá yìí ń gbó láti alẹ́ mọ́jú. Ọkọ mi ò sùn, èmi náà ò sùn. Mo ti sọ, mo ti bẹ̀, wọn ò kà mí sí. Bí ẹ̀yin náà ò bá rí nǹkan ṣe sí i, èmi á rí nǹkan ṣe sí i.”

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ń wí. Ní Èkó, bí ajá bá ti di wàhálà, ẹran tí wọ́n ta òtapíàpíà sí kì í jìnnà. NAFDAC fòfin de títà ìgò Sniper kékeré ti 100ml ní 2019 nítorí àwọn tó ń gbé e mu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá oògùn eku tàbí ti aáyán kò ní wá a tì. Bí wọ́n bá sì ju irú ẹran bẹ́ẹ̀ kọjá ògiri, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ajá ni kó pa, kó má pa adìyẹ, kó má kó sọ́wọ́ ọmọ tó ń rá. Èmi kò gbà pé Màmá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń bá wọn jíṣẹ́ jókòó síbẹ̀, wọ́n sì gbọ́. Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Ẹnjiníà kò sí níbẹ̀. Orí WhatsApp ló ti fèsì, ó fi ohùn ránṣẹ́ pé: “Ẹ̀yin àgbà mi, mo dọ̀bálẹ̀ o. Gbígbó ni iṣẹ́ ajá. Èyí tí kò bá gbó, ewúrẹ́ ni. Nígbà tí olè wọ ilé ọ̀kánkán wa, ta ni kò sọ pé ajá ni kò sí níbẹ̀?”

Kò parọ́. Mo sì rò pé ó yẹ kí ẹni tó bá ń dájọ́ irú èyí kọ́kọ́ gbà pé àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́: ẹnì kan fẹ́ sùn, ẹnì kan fẹ́ sùn láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà kò gba irú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan fi àwòrán kọ́là tó ń fi iná gbé ajá sórí gúrúùpù. Ẹnì kan ní kí wọ́n di ẹnu rẹ̀ ní alẹ́. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n tà á. Bọ̀dá kan tó jẹ́ ọmọ Oǹdó ní kí wọ́n gbé e wá fún òun, pé Ògún ilé àwọn ti pẹ́ tó ti ń béèrè ajá. Ẹ̀rín la fi rín in, Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé láàárín wákàtí yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ara wọn lórí fóònù ju gbogbo èyí tí wọ́n ti sọ lójúkojú láti ọdún mẹ́ta lọ. Alága ti gúrúùpù náà pa di ọjọ́ kejì.

Owó ìtanràn tí kò wáyé

Alága fẹ́ kí a bu owó ìtanràn lé Ẹnjiníà lórí. Mo ní kí a ṣe sùúrù, nítorí ẹgbẹ́ onílé kì í ṣe kọ́ọ̀tù. Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ìjọba ìbílẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn inú ilé àti ìrìnkèrindò wọn lé lọ́wọ́. Ti ariwo, LASEPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ló ń mójú tó o ní ìpínlẹ̀ Èkó, òpin tí wọ́n sì fi sí àdúgbò tí èèyàn ń gbé ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 55 ní ọ̀sán, 45 ní òru. Kò sí ajá tó ń gbó lábẹ́ 45. Ajá kan tí wọ́n ń pè ní Charlie ní Adelaide, ní orílẹ̀-èdè Australia, gbó dé 113.1 ní 2012, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé Guinness. Ti Ẹnjiníà kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ògiri kan péré ló wà láàárín òun àti bẹ́ẹ̀dì Baba.

Nítorí náà Màmá jàre lójú òfin. Àmọ́ mo bi alága pé bí a bá gbé ẹ̀rọ ìwọn-ariwo wọ òpópónà wa, ilé ta ni yóò kọ́kọ́ ká mọ́? Sàlẹ́ńsà tó ń dín ariwo jẹnẹrétọ̀ alága kù ti bàjẹ́ tipẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ owó ìtanràn sì kú síbẹ̀. A gbà pé bí tiwa kò bá yanjú, a óò gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí aáwọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn onílé àti ayálégbé ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí èèyàn bá ti mọ̀ pé ibi kan wà tí òun lè lọ láìsanwó, ara rẹ̀ a máa balẹ̀ díẹ̀ ní ìpàdé, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìwé mẹ́rin

Kí a tó pe ẹnikẹ́ni sí ìpàdé mìíràn, mo ra ìwé aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ ilé. Mo fún Màmá ní ọ̀kan, mo fún Alhaji tó wà ní ọ̀kánkán ní ọ̀kan, mo fún ọlọ́dẹ, mo sì fún Ìyá Ìbejì. Ohun tí mo ní kí wọ́n kọ kò ju mẹ́rin lọ: aago tí ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, aago tó dákẹ́, ohun tí wọ́n gbọ́ tàbí rí kó tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí èèyàn ṣe sí i. Èébú kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì la dá.

Màmá kọ tiwọn bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọ́ aláboyún tó ń rọbí: aago, ìṣẹ́jú, àkíyèsí, ìlà tó tọ́ geere. Ìwé Alhaji kún fún ọ̀sán, nítorí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, fàráńdà ni ọ́fíìsì wọn. Ìwé Ìyá Ìbejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kì í sí nílé. Ìwé ọlọ́dẹ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ohun tó wà ní ojú ìwé kan nìyí:

“Aago kan, mo lu irin. Ajá gbó. Ajá dákẹ́. Aago méjì, mo lu irin. Ajá gbó. Ajá dákẹ́. Aago mẹ́ta, mo lu irin.”

Bó ṣe kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé ìparí nìyẹn, kò sì rí nǹkankan tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé irú àdúgbò wa yóò mọ irin tí mò ń wí. Bí aago bá ti lù, ọlọ́dẹ á fi òkúta tàbí irin kékeré lu irin tí wọ́n so mọ́ òpó, iye tí aago bá jẹ́ ni yóò lù ú, lẹ́yìn náà á fọn fèrè, kí àwọn onílé lè mọ̀ pé kò sùn. Ẹgbẹ́ wa ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, ó wà nínú ìwé tí a fi gbà á síṣẹ́. Òpó tí irin náà wà lára rẹ̀ sì nìyí: èyí tó fara ti ògiri Ẹnjiníà, ní ìhà tí wọ́n ń so ajá mọ́. Ajá náà kò gbó láti alẹ́ mọ́jú rárá. Orí aago ló ń gbó, gẹ́gẹ́ bí owó ọlọ́dẹ tí a ń dá lóṣooṣù ṣe ní kó gbó.

Nǹkan kejì tí àwọn ìwé náà fi hàn, Màmá fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́. Ní alẹ́ tí wọ́n bá fi igi lu ògiri, gbígbó náà á gùn ju ti alẹ́ tí wọn kò lù ú lọ. Wọ́n lọ sùn lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ìwé ọlọ́dẹ àti ti Alhaji sì fi hàn pé ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin ni ajá ń gbó nígbà yẹn, tí á dákẹ́. Bí Ẹnjiníà bá sì pariwo mọ́ ọn láti ojú fèrèsé, ṣe ni gbígbó náà ń gbèrú. Etí ajá kò gbọ́ pé “dákẹ́” ni olówó rẹ̀ wí. Ohun tó gbọ́ ni pé ọ̀gá náà ti rí ọ̀tá, àwọn méjèèjì sì ti jọ ń lé e.

Ọ̀sán ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó fi ẹ̀sùn ọ̀sán kàn wọ́n. Láti nǹkan bí aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìdí táǹkì omi ni wọ́n ń so ajá náà mọ́ pẹ̀lú ṣéènì. Ó ń gbó mọ́ oníbúrẹ́dì, ó ń gbó mọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó ń gbó mọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Kò rìn, kò sáré. Tí wọ́n bá tú u ní alẹ́, òun ti sun oorun tirẹ̀ tán.

Ní àfẹ̀mọ́jú, ìrun Subhi ni. Bí Alhaji bá ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ajá a máa rí ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ géètì, á bú sí gbígbó. Ẹnì kan ti ń sọ kiri pé Alhaji kórìíra ajá nítorí ẹ̀sìn. Alhaji ni wọ́n la ọ̀rọ̀ náà fún un pé ní ìlànà Màlíkì, èyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ajá tó wà láàyè kì í ṣe ohun ẹ̀gbin. Eyín rẹ̀ ni àwọn ń sá fún.

Fàráńdà Alhaji

A ṣe ìpàdé kejì ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Lásárì, kí Ẹnjiníà lè wà nílé. Èmi ni mo ka ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo dé ibi irin, gbogbo ilé dákẹ́, alága bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹnjiníà ní òun ti ń rò pé ajá òun ló dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń mọ aago. Inú gbogbo wa dùn, a rò pé ó ti parí. Mo ti ń wo ibi tí ẹlẹ́rìndòdò wà.

Màmá Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Mo ti gbọ́ ti irin. Orúkọ ńkọ́?”

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá Ìbejì mọ̀ ọ́n, mo rí i bó ṣe wolẹ̀.

Ajá náà ń jẹ́ Kòkànwọ́n.

Kò sí Yorùbá tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún. Láti ìgbà àwọn baba wa ni wọ́n ti ń fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí o kò lè sọ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ lójú, o lè fi pe ajá rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ ní gbangba, bí wọ́n bá sì mú ọ, wà á ní ajá lò ń pè. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní oṣù kẹjọ 2016, wọ́n mú ọkùnrin kan ní Ṣàngó Ọ̀tà nítorí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, wọ́n sì gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù pé ó fẹ́ dá àlàáfíà ìlú rú.

Màmá wá tú u palẹ̀ fún wa. Ní ọdún tó ṣáájú, omi ọ̀sọ́ọ̀rọ̀ ilé Ẹnjiníà ń dà sí ìdí ògiri tiwọn, ó ń jẹ ìpìlẹ̀. Wọ́n bá Ìyá Ìbejì sọ ọ́, ó ní òun á sọ fún ọkọ òun. Kò pẹ́ sí i ni ajá dé, Kòkànwọ́n sì ni orúkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ fèrèsé wọn: “Kòkànwọ́n, wá jẹun!” Ní òru, nígbà tí wọ́n bá fi igi lu ògiri pé ọkọ àwọn kò sùn, ohùn á dáhùn láti ilé kejì: “Kòkànwọ́n!” Wọ́n ní: “Ẹ gbọ́ o. Mo ní ọkọ mi ò sùn, wọ́n ní kò kàn wọ́n. Ọmọ tí mo bí ju ọmọbìnrin yìí lọ.”

Kò sí ìwé àkókò kankan tó lè wo èyí sàn. Èmi kò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ìyá Ìbejì ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní kì í ṣe Màmá ni òun fi bá wí. Alága ní, ta wá ni? Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn ẹbí ọkọ òun ni, tí wọ́n ń wá láti ilé láti bi òun pé kí ló dé tí òun kò bí mọ́ lẹ́yìn ìbejì, pé kí ló dé tí òun ń ta ọjà nígbà tí ọkọ òun ń gbowó oṣù. Ó ní òun kò lè dá wọn lóhùn, ni òun ṣe ní kí ajá máa bá òun dá wọn lóhùn. Ẹnjiníà gbójú sókè, ó ń ka páànù orí fàráńdà.

Màmá wò ó. Wọ́n bi í pé: “Àwọn ẹbí ọkọ ẹ náà mọ̀?” Ó ní wọ́n mọ̀. “Wọ́n ti dákẹ́?” Ó ní rárá. Ẹ̀rín tí Màmá rín lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní kó dìde, pé ìyá ọkọ àwọn náà kò fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ohun tí a fẹnu kò sí

Ẹ̀rín kò ní kí ajá má gbó. A pe dókítà ẹranko kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, Ẹnjiníà ló sanwó rẹ̀. Dókítà náà kọ́kọ́ pa ìmọ̀ràn gúrúùpù WhatsApp rẹ́. Ó ní ajá kò ní òógùn bí tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, ẹni tó bá wá di ẹnu rẹ̀ mọ́jú nínú ooru Èkó lè bá òkú rẹ̀ ní àárọ̀. Kọ́là oníná, ó ní bí iná bá gbé e nígbà tí ọmọ kan ń kọjá, ọmọ náà ni ajá yóò gbà pé ó ta òun, ọjọ́ kan á sì bù ú jẹ. Ti irin àti fèrè, ó ní etí èèyàn kì í gbọ́ ohùn tó bá tín-ín-rín kọjá 20,000 Hz, ti ajá ń lọ sí bí 45,000. Fèrè tí àwa ń gbọ́ bíi fèrè, inú etí rẹ̀ ló ń wọ̀ tààrà.

Ó béèrè káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó ti kọjá àkókò. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún ọmọ ajá ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó di ọdọọdún. Ó fún un lójú ẹsẹ̀, ó sì sọ fún àwọn ọmọ tó wá wòran pé bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó gba ilé ìwòsàn lọ. Màmá Nọ́ọ̀sì ń mi orí, wọ́n fi kún un pé kí wọ́n má fi epo tàbí ewé kankan dí i.

Àdéhùn tí a kọ kò ju ojú ìwé kan lọ. Ẹnjiníà gbé ilé ajá kúrò níbi ògiri Màmá lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ní ìhà tí ilẹ̀ òfìfo wà. Ó fi páànù dí abẹ́ géètì kí ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ ìrun má hàn. A san owó fún ọmọkùnrin kan ní òpópónà, àpọ́n tó ń kàwé fún JAMB, kó máa mú ajá rìn ní ìrọ̀lẹ́ kí ó lè rẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà ló ń san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà, ẹgbẹ́ ń san èyí tó kù, nítorí irin. Alága kò fẹ́ràn èyí, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i. Irin kò sí mọ́ lórí òpó yẹn. Ìwé kan ni ọlọ́dẹ ń fọwọ́ sí báyìí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ní géètì àti ní ìparí òpópónà, alága sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní àárọ̀. Ọlọ́dẹ náà fara mọ́ ọn. Ó ní ajá tó ń gbó mọ́ irin, bí olè bá dé, ta ni yóò mọ̀?

Màmá gbà láti má lu ògiri mọ́. Bí ajá bá gbó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wọn á pe Ẹnjiníà lórí fóònù. Òun náà kò ní pariwo láti ojú fèrèsé mọ́, yóò jáde lọ bá a. Dókítà ti kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é: kó jẹ́ kó gbó lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kó pè é wálé, bó bá ti dákẹ́, kó fún un ní orí ẹja díẹ̀. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, yóò burú sí i kó tó dára, ajá tó ti mọ̀ pé ariwo ń mú èèyàn jáde kò ní jọ̀wọ́ ariwo wẹ́rẹ́.

Ó burú lóòótọ́. Màmá pè mí ní òru láti gbọ́ ọ lórí fóònù, mo sì gbọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi parí, ìwé búlúù wọn ti ń ní ojú ewé tó funfun.

Ti orúkọ, ó jọ pé òun ló rọrùn jù. Àwọn ìbejì ti ń pè é ní Kòkó láti ìgbà tó wà ní ọmọ, ajá náà sì ń dáhùn. Kòkó ni gbogbo ilé ń pè báyìí. Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé bí àwọn ẹbí ọkọ òun bá wá, òun lè máa pè é ní odindi. Mi ò kọ ìyẹn sínú àdéhùn.

Baba nìkan ló ráhùn. Wọ́n ní láti ìgbà tí a ti yọ irin, àwọn kò mọ aago lóru mọ́. Ẹnjiníà ra aago ògiri oníná fún wọn.

Nǹkan méjì ló ṣẹ́ kù. Nọ́káọ̀ọ̀tù oṣù Kejìlá, a kò rí ojútùú kankan sí i ju pé kí wọ́n máa mú Kòkó wọ inú ilé ìdáná lálẹ́, kí wọ́n sì tan rédíò sí i. Ọ̀sọ́ọ̀rọ̀ náà ṣì ń da omi sí ìdí ògiri Màmá. Káfíńtà ti wá wọ̀n ọ́n, ó ti kọ iye owó rẹ̀, Ẹnjiníà sì ní kí a fún òun di ìparí oṣù tí owó bá wọlé.